Ẹ Wo Ìgbẹ́ Yín Kẹ́ Ẹ Tó Da Omi Sí I

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo gbé wá lónìí o, mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa yínmú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á torí ọ̀rọ̀ yìí ti gba èèyàn lọ́wọ́ mi. Níbí ní Iléṣà tí mò ń gbé, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ìgbẹ́ gbuuru wò la ti ń fún un lórúkọ. Tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, "eyín ló ń hù." Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, "jẹ̀díjẹ̀dí ni, nǹkan dídùn ló jẹ jù." Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bàbá mi ń ya ẹ̀jẹ̀ fún bí ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ìgò àgbo jẹ̀dí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn, wọ́n ń mu ún láàárọ̀, wọ́n ń mu ún lálẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì a ó ní àgbo ti ṣiṣẹ́, tó bá tún dé a ó ní wọ́n ti tún lọ mu mínírà. Ọjọ́ tí dókítà fi máa sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n nígbà náà.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe látòní lọ: ẹ máa wo ìgbẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì máa ka ọjọ́. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ sọ, orí méjèèjì yìí ló dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Ìgbẹ́ gbuuru ni kí èèyàn ya ìgbẹ́ tó rọ̀ tàbí tó jẹ́ omi ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan, ìgbẹ́ tiẹ̀ máa ń rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ìgbà tó bá yí padà di omi tó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ dìde sí i. Èyí tí kòkòrò àìfojúrí bá fà, púpọ̀ nínú ẹ̀ máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 14, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i, kí láàbù sì wo ìgbẹ́ náà. Tó bá wá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, kòkòrò bíi giardia lè wà níbẹ̀, HIV tí ẹni náà ò tíì yẹ̀ wò lè wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìfun fúnra ẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ ni o, torí tí dókítà bá bèèrè, gbogbo wa la máa ń sọ pé "ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan," ọjọ́ mẹ́ta kan tiwa sì lè jẹ́ oṣù mẹ́ta. Bí bàbá mi ṣe dáhùn gan-an nìyẹn.

Kí lẹ rí nínú ẹ̀?

Tó bá jẹ́ omi lásán, tí èébì tẹ̀ lé e, tí ọmọ náà ò tíì pé ọdún márùn-ún, fáírọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Rotavirus ló burú jù nínú wọn fún ọmọdé. Kò sí kápúsù kankan tó ń pa á, àmọ́ àjẹsára ẹ̀ wà, ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, láti 2022 ló ti wọ inú àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń ṣe ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n bí ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo káàdì ọmọ yín báyìí bóyá wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Eyín ò fa ìgbẹ́ gbuuru o. Ìgbà tí eyín ń hù ni ọmọ ń rákò tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, ìdọ̀tí tó ń gbé mì ló ń ṣe é. Norovirus ní tiẹ̀ kò mọ àgbà kò mọ ọmọdé, òun ló máa ń mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìnáwó, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ó ti lọ.

Tó bá funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, tó sì ń dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ má jókòó. Kọ́lẹ́rà nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní onígbáméjì, láàárín wákàtí díẹ̀ ló lè gbẹ èèyàn pa. Ní 2021, àwọn tó kú tí NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn, kà ní Nàìjíríà lé ní 3,500. Ẹ máa fún ẹni náà lómi oníyọ̀ àti ṣúgà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù, lórí ọ̀kadà o, nínú mọ́tò o, kó ṣáà máa mu ún lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú nǹkan yíyọ̀ bí ikun, tí inú ń lọ́ ọ, tí ara gbóná, tó ń sáré lọ ṣáláńgá léraléra àmọ́ tí díẹ̀ báyìí ń jáde, ìgbẹ́ ọ̀rìn nìyẹn. Shigella ló máa ń fà á jù, campylobacter náà ń ṣe é (ara adìẹ tí kò jinná ló fẹ́ràn), salmonella náà, àti amoeba tó lè kúrò nínú ìfun lọ dá egbò sínú ẹ̀dọ̀ èèyàn. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, oògùn wọn ò sì rí bákan náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kéèyàn dédé lọ ra oògùn ìgbẹ́ ọ̀rìn lọ́jà Atakúnmọ́sà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ìgbẹ́ náà.

Èyí tó ń rùn burúkú, tó ń léfòó lórí omi bí ẹni pé òróró wà nínú ẹ̀, tí inú ń wú tí gáàsì ń pọ̀, tó sì ń fà gùn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, giardia lọkàn mi máa kọ́kọ́ lọ sí, omi tí kò mọ́ ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kànga lẹ́yìnkùlé, ṣáláńgá yín jìnnà sí i tó báwo? Ó kéré tán ó yẹ kó tó mítà 30, ẹ wọn ti aládùúgbò náà mọ́ ọn torí abẹ́ ilẹ̀ ò mọ ààlà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa se omi náà kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó mu ún.

Tó bá dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn, ẹ̀jẹ̀ ló ń ti òkè ikùn wá, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ ọsibítù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń fún aláboyún náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá ń lò ó.

Ẹ tún bi ara yín pé kí lẹ jẹ, nígbà wo. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ, tó jẹ́ èébì ló pọ̀ jù, májèlé tí kòkòrò ti pò sílẹ̀ sínú oúnjẹ ni, ìrẹsì inú kúlà tó sùn mọ́jú láìrí fíríìjì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, kéèyàn sì tún un gbé kaná kì í pa májèlé náà. Àti pé tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo antibiotic tán ni, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, torí kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ C. difficile, ìgbà tí oògùn bá ti pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun tán ló máa ń rí àyè.

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà

Níbi tí mo ti fẹ́ fara balẹ̀ jù nìyí. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló ń pa ọmọ, torí náà iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ dá a padà sí i lára, kẹ́ ẹ tó ronú oògùn kankan. Tí ORS alápò (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò pọ̀ fún omi ara tó ń lọ) bá wà, òun ló dáa jù, ẹ ka ara àpò náà kẹ́ ẹ mọ iye omi tó gbà. Tí kò bá sí, ẹ mú pure water méjì tó jẹ́ 50cl ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á fún yín ní lítà kan, ẹ dà á sínú abọ́ tó mọ́. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tẹ́jú, kó má ga bí òkè. Ẹ wá bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan náà, òun náà kó tẹ́jú. Ẹ rò ó títí gbogbo ẹ̀ á fi yọ́. Ẹ tọ́ ọ wò, tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ ṣe òmíì, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù lè pa ọmọ. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ nílẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní bí ìlàrin kọ́ọ̀bù sí ìdajì lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá yàgbẹ́. Tó bá ti ju ọdún méjì lọ, ìdajì sí odidi kọ́ọ̀bù. Àgbà, kó mu tó bó ṣe lè mu. Tí ọmọ bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ wá máa fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ẹ má sọ pé kò gbà á.

Àwọn màmá wa kan á yọ ṣúgà kúrò, wọ́n á ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀dí, kí ló tún ń ṣe nínú oògùn ìgbẹ́. Ẹ̀yin màmá, ẹ fetí sí mi. Nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé ni, omi ló ń tẹ̀ lé wọn. Tẹ́ ẹ bá yọ ṣúgà, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, gbogbo omi tẹ́ ẹ fún ọmọ á kàn gba ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ má fi mínírà rọ́pò ẹ̀ náà o, ṣúgà tiẹ̀ pọ̀ jù, ó ń fa omi jáde lára ni.

Ẹ tún bèèrè zinc: 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ọmọ tí kò tó oṣù mẹ́fà 10mg. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ má gba ẹ̀kọ lẹ́nu ẹ̀, kó máa jẹun. Tí ara ẹ̀ bá yá, ẹ gbé e lọ wọ̀n. Ìlú wa yìí náà mọ ìtumọ̀ ìwọ̀n, torí ọsibítù Wesley Guild níbí ni David Morley, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọdún 1950, ní Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́bàá wa níbí ló ti ń tẹ̀ lé ìdàgbà àwọn ọmọdé, káàdì tí wọ́n ń fi ya ìwọ̀n ọmọ látìgbà náà sì ti dé gbogbo ayé. Ọmọ tí ìlà ẹ̀ ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru ń ké sí yín ni.

Flagyl ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ fún amoeba àti giardia, kò ṣe nǹkan kan fún fáírọ́ọ̀sì, kò sì pa shigella. Èyí tá a máa ń ṣe yẹn, Flagyl méjì tetracycline kan fún gbogbo inú rírun, ó ń kọ́ kòkòrò ní ọgbọ́n ni, ọjọ́ tí oògùn náà máa wúlò gan-an kò ní ran ẹnikẹ́ni mọ́. Loperamide tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ẹ má fún ọmọdé, àgbà tó ń ya ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ara ẹ̀ gbóná ò gbọdọ̀ lò ó.

Ẹ sáré gbé e lọ tí ojú ẹ̀ bá jìn wọnú, tí àwùjẹ̀ ọmọ bá rì, tó ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀ láti bí wákàtí mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá fa awọ ikùn ẹ̀ tí kò tètè padà, tó bá ń sùn tí jíjí ẹ̀ sì le, tàbí tí gbogbo nǹkan tó mu ń padà jáde. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọdé, ọjọ́ náà ni, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀

Ó ti kan ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí. Kòkòrò máa ń dé pẹ̀lú ariwo, ọjọ́ díẹ̀ ó ti lọ. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá kì í pariwo. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí èèhù kékeré lára ògiri ìfun, ẹ rò ó bí olú tó hù lára igi, kì í dunni, ó lè lo bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ, èyí tó pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ ní dà á láé. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni àǹfààní wa, torí tí wọ́n bá rí olú yẹn wọ́n á gé e, ọ̀rọ̀ tán.

Èyí tẹ́ ẹ máa ṣọ́ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń hàn lóòrèkóòrè, kódà kó máa dá kó tún máa padà. Bẹ́ ẹ ṣe ń yàgbẹ́ tó yí padà fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí inú ń dè tí inú tún ń ṣí. Ìgbẹ́ tó tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ dìde lórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó tún máa ṣe yín bíi pé ó kù. Ìwọ̀n ara tó ń já láìṣe pé ẹ ń gbààwẹ̀. Àti èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ẹ̀jẹ̀ ara tó ń dín kù. Tí jẹjẹrẹ bá wà lápá ọ̀tún ìfun, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ń pò mọ́ ìgbẹ́ tí ojú ò fi ní rí i, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ó ń rẹ̀ yín, ẹ ń mí gúlegúle tẹ́ ẹ bá gun òkè, wọ́n yẹ PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, wò wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀, wọ́n fún yín lóògùn ẹ̀jẹ̀ ẹ sì ń lọ ilé. Ọkùnrin tí PCV ẹ̀ lọ sílẹ̀ láìnídìí, tàbí obìnrin tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù, ẹ bèèrè pé kí wọ́n wo ìfun.

Mi ò bá alágbo jà o, àwa náà ń mu ún. Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ sábà máa ń pupa fòò, ó máa ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ ìfun náà lè pupa bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́ di jẹ̀dí kẹ́ ẹ tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ ṣe kò gba owó púpọ̀: á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka wo ihò ìdí. Jẹjẹrẹ tó bá wà nítòsí ibẹ̀, ìka lè kàn án láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí bàbá mi gbà fún oṣù méjìlá gbáko, wọ́n ní ọmọ ọkùnrin kì í tú ìdí. Ẹ̀yin ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà, mo bẹ̀ yín, ojoojúmọ́ layé ni dókítà ń wò ó, kò jọ ọ́ lójú.

Fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ FIT, wọ́n á fún yín ní igi kékeré kẹ́ ẹ fi tọ́ ìgbẹ́ yín kẹ́ ẹ fi sínú ìgò, láàbù á wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí nínú ẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Tó bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, ó túmọ̀ sí pé colonoscopy ló kàn, ìyẹn kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun. Ẹni tó ti ń fojú ara ẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kó má lọ fi FIT ṣòfò, ọ̀dọ̀ dókítà tààrà ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fa ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò wálẹ̀ láti 50 sí 45 ní 2021, torí ó ń mú àwọn tí kò tíì dàgbà, ẹ rántí Chadwick Boseman, òṣèré yẹn, ẹni ọdún 43 ni nígbà tó kú ní 2020. Ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ bá ti ní in, ọdún 40 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tó fi mú ẹni yẹn, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Níbí, ẹnikẹ́ni ò ní kọ lẹ́tà pè yín, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín bèèrè ẹ̀, ní OAUTHC, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Ífẹ̀, wọ́n ń ṣe colonoscopy, ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn sí wa.

Èmi ti ṣe tèmi nígbà tí mo pé 40. Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ló le, oúnjẹ ò sí, tíì tí kò ní mílíìkì àti omi lásán ni (ẹ má mu ohun pupa, á dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà), wọ́n fún mi ní oògùn tó ń fọ inú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sun inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà tàbí èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ọjọ́ kejì wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun díẹ̀, wọ́n ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí wọlé, ìgbà tí mo la ojú ó ti tán. Wọ́n rí olú kékeré kan, wọ́n gé e níbẹ̀ wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ mú ẹni tó máa bá yín padà sílé dání, ẹ má wa mọ́tò lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni wọ́n ní kí n padà wá.

Àbúrò mi ọkùnrin máa pé 40 nínú oṣù kẹsàn-án. Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Mo ti ya owó ẹ̀ sọ́tọ̀, èmi ni mo máa bá a jókòó níta yàrá náà.